Ọjọ́ tí Ewùrà Kò Yún Mi Lọ́wọ́ Mọ́

Ìwọ tí o rí ibì kan lára rẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí o fi èékánná tẹ̀ ẹ́, tí kò dùn ọ́, ìwọ ni mò ń kọ̀wé yìí sí. Bóyá o ti fi aṣọ alápá gígùn bò ó. Bóyá o ti ra ìpara lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn ní Ìdó, tí o ń fi pa á ní kọ̀rọ̀. Èmi náà bò ó, èmi náà pa á. Orúkọ àìsàn tó ṣe mí ni ẹ̀tẹ̀. Mo mọ̀ pé bí o ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ìwé náà dé. Jọ̀wọ́, má tíì pa á dé. Mo wà láàyè, mo sì wà nílé ọkọ mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí nídìí ìkòkò rẹ̀ ni àìsàn yìí ti kọ́kọ́ fojú hàn mí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Iyán ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, n kò sì mọ̀ pé ohun kan wà tí ènìyàn lè fi ewùrà ṣe ju kí ó sè é jẹ lọ. Ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni mo fẹ́ Bàbá Bísí, ọmọ Ìjẹ̀bú, akọ̀wé rélùwéè ní Ìdó. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gbé pẹ̀lú wa. Bí Sátidé bá dé tí a kò se ìkọ́kọrẹ́, Màmá a ní ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí.

Màmá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é. A ó bẹ ewùrà, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, títí yóò fi di ohun funfun tó ń yọ̀, tó ń fà. Omi ọbẹ̀ á ti wà lórí sítóòfù: ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, irú, àti ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀. Bí ó bá ti ń hó dáadáa, a ó máa fi ìka já ewùrà náà sínú rẹ̀, kókó kan, kókó kan. Ọwọ́ lásán ni Màmá ń lò. Wọ́n ní ewùrà tí a bá fi ṣíbí já kì í rí bí oúnjẹ ilé, ó máa ń dà bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Bí a bá já a tán, a ó dé e, a ó dín iná rẹ̀ kù, a kò sì ní rò ó. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, tó ń ṣí i rò, ògì ni yóò bá nínú ìkòkò.

Mo fẹ́ràn ìgbà tí a bá dé e yẹn ju jíjẹ rẹ̀ lọ. Ooru á rọra máa yọ létí ìdérí, gíláàsì fèrèsé á làágùn, Màmá á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láìlanu, èmi á sì jókòó sórí àpótí, ojú mi á lọ jìnnà. N kò ní sùn, ṣùgbọ́n bí o bá pè mí, n kò ní tètè dáhùn. Ilé ìdáná náà á di ibì kan tí kò sí ní Èkó, tí kò sì sí ní Iléṣà. Ìyá tó bí mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti kékeré, wọ́n ní ọmọ tó ń rìn kiri láìkúrò lójú kan ni mí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́. Ewùrà tútù máa ń yún ọwọ́. Àwọn tí wọ́n bí sídìí rẹ̀ kì í kà á sí, ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá rin ín tán, mo máa ń fi ọwọ́ ra ògiri, mo máa ń fi epo pa á, mo máa ń yá a níná, gbogbo ilé á sì máa fi mí ṣe ẹ̀rín. Àǹtí Wúrà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Yábàá, ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ jù. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ewùrà ò tíì mọ̀ ẹ́ ní ará ilé o!" Èmi náà á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí títí di Sátidé kan nígbà òjò. Mo rin ewùrà tán, mo já a sínú ọbẹ̀ tán, mo dé e, mo jókòó sórí àpótí mi. Màmá wò mí, wọ́n ní, "O ò fi epo pa ọwọ́ lónìí?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ òsì ń yún mi díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí mo fi di ewùrà mú láti òkè dé ìsàlẹ̀, dákẹ́ rọ́rọ́.

"Màmá, kò yún mi."

Màmá pariwo ayọ̀. Wọ́n ké sí Bàbá Bísí ní pálọ̀: "Wá wo ìyàwó ẹ o! Ewùrà ò yún un mọ́! Ó ti di Ìjẹ̀bú!" Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n sì bu ẹja tó tóbi jù fún mi lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, mo ti ń fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn, àfi bí ìgbà tí ọwọ́ mi gbà á fún mi. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ń gbé ọwọ́ náà yípo lójú ara mi, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀tẹ̀ ni gbogbo wa ń yọ̀ fún, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ojú ibì kan ti ṣá ní apá ọ̀tún mi nígbà yẹn, nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Bísí ní làpálàpá ni. Màmá náà ní làpálàpá ni, wọ́n sì ń fi ewé àsùnwọ̀n pa á títí gbogbo aṣọ mi fi ń rùn ewé. Kò yún mi, kò dùn mí, nítorí náà n kò bẹ̀rù rẹ̀. Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bẹ̀rù rẹ̀. Làpálàpá máa ń yún ènìyàn. Èyí tó bá wà lára rẹ tó kàn ń wò ọ́, tí kò yún, tí o kò sì mọ̀ bí eṣinṣin bà lé e, ni kí o gbé lọ fún dókítà.

Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni mí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sùúrùlérè. Ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àìfarabalẹ̀ ni, torí pé ọkàn mi kì í sábà gbé ibi tí ara mi wà. Àwọn ọmọ á he é fún mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èmi àti Màmá tún wà nídìí ìkòkò. Mo ń já ewùrà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ojú mi sì ti lọ jìnnà bí ìṣe rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń wo obìnrin kan tó ń dáná ní òdìkejì odò, tí èéfín iná rẹ̀ ń rọra bọ̀ lórí omi. Àfi bí Màmá ṣe gbá ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Bísí! Ọwọ́ ẹ wà nínú ọbẹ̀!"

Ìka méjì tó kángun lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti rì sínú omi ọbẹ̀. Màmá fà á yọ. Awọ ibẹ̀ ti wú, ó ti funfun. Mo wo ojú Màmá, mo sì rí i pé kì í ṣe ìka náà ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ojú mi ni wọ́n ń wò, nítorí kò sí ìrora kankan níbẹ̀.

"Kò dùn ẹ́ ni?"

"Kò dùn mí, Màmá."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. A gbàgbé ìkòkò náà síná títí ó fi jó mọ́dìí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé Yábàá. Àǹtí Wúrà wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì mú ìyá kan tó ń ta egbòogi ní Múṣín dání. Ìyá náà fọwọ́ tẹ apá mi, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló sùn síbẹ̀. A máa jí i." Wọ́n se ewé pẹ̀lú kán-ún, wọ́n dà á sínú bàsíà, wọ́n ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo jókòó tì í, mò ń wo bí ooru ṣe ń gòkè lọ sí àjà, tó ń ká ara rẹ̀ kò, tó ń túká. Ó lẹ́wà lójú mi. Wọ́n á bi mí pé ṣé ó ti ń gbóná, èmi á ní kò tíì gbóná, wọ́n á sì tún bu omi gbígbóná kún un. Àǹtí Wúrà ló ń fi gèlè wọn nu òógùn lójú mi, wọ́n ń sọ pé, "Fara dà á, àbúrò mi, fara dà á." Kò sí ohun tí mò ń fara dà. Nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ mi jáde, awọ ìka náà dúró sínú omi.

Ìka méjì yẹn kò nà tán mọ́ títí di òní. Ìfẹ́ ni Àǹtí Wúrà fi ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi iná tàbí omi gbígbóná jí ara tí kò mọ nǹkan kan, dìde kúrò níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tún ní kí n lọ sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Iléṣà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ilé bàbá mi. Oògùn pọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló ń ṣe mí gan-an.

Bàbá Bísí ló fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ìlà ibẹ̀ gùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò lóde. Láti ìlà yẹn, wọ́n rán wa sí òmíràn, láti ibẹ̀ wọ́n rán wa sí yàrá kan lẹ́yìnkùlé, níbi tí bẹ́ǹṣì gígùn wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn, kò sì sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì.

Mo di ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkọ́kọrẹ́ nínú ọkàn mi. Mo mú ewùrà, mo bẹ ẹ́, mo fọ̀ ọ́. Mo gbé omi ọbẹ̀ kaná. Mo gbọ́ òórùn irú níbi tí òórùn oògùn ìfọlẹ̀ wà. Bí nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ ẹnì kan, tí ẹ̀rù bá tún gbé mi lọ́kàn sókè, mo máa padà lọ mú ewùrà mìíràn, mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo se é fún Bísí ọmọ mi, mo se é fún Màmá, mo se é fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Ooru bo yàrá yẹn lójú mi débi pé n kò rí ògiri mọ́. Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ mi, Bàbá Bísí ló ní láti fọwọ́ tọ́ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó mú òwú díẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n di ojú, kí n máa fi ìka hàn án ní ibi tí òun bá ti fi kàn mí. Mo di ojú, mò ń dúró. Inú òkùnkùn náà dákẹ́, ó dára, mo lè sùn síbẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo ní, "Dókítà, mo ti ṣe tán o. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé òwú náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá Bísí, mo ti ṣe é tán."

Ó jókòó, ó dárúkọ rẹ̀ fún wa láìfi nǹkan kan bò ó. "Ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó sunkún. Oògùn ẹ̀ wà. Ó máa pẹ́ o, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lò ó déédéé. Ẹ̀ ń lọ sílé yín lónìí. Ẹ máa gbé pẹ̀lú àwọn ará ilé yín, ẹ máa bá wọn jẹun. Kò ní ran ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Tí mo bá dáná, ṣé wọ́n lè jẹ ẹ́?"

"Wọ́n lè jẹ ẹ́ dáadáa."

Mo gbà á gbọ́ ní yàrá yẹn. Ìgbà tí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, n kò gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n yẹ Bísí náà wò lẹ́yìn ìgbà yẹn, ara rẹ̀ mọ́, mo sì sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwé tó béèrè ohun tó ṣe ìka mi. Oògùn fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ mi ni àìsàn náà gbà lọ́wọ́ mi, àti àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n kàn ṣíwọ́ wíwá.

Kò sí ẹni tó lé mi kúrò nínú ilé ìdáná. Èmi ni mo gbé sítóòfù kékeré kan lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń dá oúnjẹ ara mi sè níbẹ̀, tí mo ń dá a jẹ. Màmá ń se ti ilé. Wọn kò ní kí n lọ, wọn kò sì ní kí n padà. Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé bí ohùn àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ. Mo ń gbé láàárín wọn, àárò wọn sì ń sọ mí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Àǹtí Wúrà wá fún ìpàdé ẹbí. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo ti já ìkọ́kọrẹ́ mi sínú ìkòkò pẹ̀lú ọwọ́ òsì, mo ti dé e. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kì í ṣe ìkà ni mò ń ṣe," Àǹtí Wúrà ń sọ. "Àgọ́ wà tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ní àìsàn yìí, wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Ọmọ kékeré wà nínú ilé yìí. Màmá ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ."

Bàbá Bísí ní, "Dókítà sọ pé kò ní ran ẹnikẹ́ni."

"Ṣé dókítà ń bá yín gbé ni? Ìwọ gan-an, dá mi lóhùn, láti ọjọ́ wo lo ti jẹun lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ọkọ mi kò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe fún ọwọ́ mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àwọn aṣọ tí n óò kó, àti ẹni tí yóò máa di irun Bísí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Màmá ni. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì wo ìkòkò mi.

"Ṣé ó ti jinná?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Má rò ó o."

A jọ dúró dè é. Wọn kò wò mí, èmi náà kò wò wọ́n. Ooru ń yọ létí ìdérí, òjò díẹ̀díẹ̀ ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Múṣín, mo sì bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ó má jinná, kí a wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jinná, Màmá fúnra wọn bu ú sínú abọ́, ó kún dé etí. Wọ́n gbé e wọ pálọ̀, wọ́n mú ẹ̀bà tútù ti àná, wọ́n jókòó síwájú Àǹtí Wúrà, wọ́n ṣan ọwọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ilé ń wo bí Màmá ṣe ń jẹun. Wọn kò yára, wọn kò ṣẹ́ nǹkan kan kù, wọ́n lá ìka wọn.

"Iyọ̀ ẹ̀ ló kéré díẹ̀," ni Màmá wí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Wúrà, ìyàwó mi ò lọ síbì kankan."

Bàbá Bísí dìde, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ bu tirẹ̀. Ojú ń tì í, mo rí i, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Àǹtí Wúrà mú báàgì wọn, wọ́n jáde. Èmi padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún títí òjò fi bá mi níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé sítóòfù kékeré náà wọlé.

N kò ní tàn ọ́ jẹ, ìtọ́jú náà pẹ́. Oògùn náà máa ń mú kí òòyì kọ́ mi. Ìgbà mìíràn, iṣan apá mi á máa ta mí bí iná, mo máa rò pé àìsàn náà ń le sí i, ó máa ń ṣe mí bíi kí n da oògùn nù. Àwọn kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì dà á nù, n kò rí wọn mọ́. Bí ara bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, padà lọ sọ fún wọn nílé ìwòsàn, má dá oògùn dúró fúnra rẹ. Àwa tí a ń lọ déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa, nígbà tó yá a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara wa ní àkàrà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, dókítà tún fi òwú kàn mí káàkiri, ó ní àìsàn náà ti tán, ohun tó kù ni àpá rẹ̀.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Àwọ̀ apá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò. Ìka méjì ṣì ká, wọn kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, nítorí náà mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ bóyá nǹkan ti gún wọn. Ṣíbí onígi ni mo fi ń já ewùrà báyìí, Màmá kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwọn ìyá wọn mọ ohun tó ṣe mí, wọ́n ṣì ń rán wọn wá. Bí mo bá jókòó nídìí ìkòkò, ojú mi ṣì máa ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n Bísí á pè mí padà.

Àǹtí Wúrà ṣì ń wá kí wa. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń ra aṣọ fún mi, wọ́n sì máa ń di ọwọ́ òsì mi mú tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹun lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ ìpàdé yẹn. Bí wọ́n bá wá ní Sátidé, inú á máa run wọ́n, tàbí kí wọ́n ti jẹun wá láti Yábàá, tàbí kí wọ́n máa gbààwẹ̀. Màmá ní Wúrà ti gba ààwẹ̀ ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ìwọ náà yóò ní ẹni tí yóò rí bẹ́ẹ̀ sí ọ, má sì jẹ́ kí ó lé ọ kúrò nídìí oúnjẹ ilé rẹ.

Sátidé ni òní. Àǹtí Wúrà wà ní pálọ̀ báyìí, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ń bá Màmá sọ̀rọ̀ nípa òjò. Mo ti bu ìkọ́kọrẹ́ tiwọn síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀bà tútù, mo sì ti gbé omi ìṣanwọ́ tì í.